Nígbà Tí Kànga Epo Bá Ń Pọn Omi

 

Ní Iffe, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màmá mi kì í jẹ́ ká fa omi kànga léraléra. Tí a bá fà á jù, ẹrẹ̀ á gòkè wá, gbogbo ilé á wá dúró kó tòrò. Bí ọ̀rọ̀ kànga epo rọ̀bì ṣe rí náà nìyẹn, àfi pé omi ni ẹrẹ̀ tiwọn. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló ń gbé nínú àpáta. Tí wọ́n bá ń fà á kíkankíkan, omi tó wà nísàlẹ̀ á yọ gọngọ sókè wọnú páìpù. Muskat àti Wyckoff, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1935.

Ní Oloibiri, níbi tí Shell-D'Arcy ti rí epo ní 1956, òòró ni wọ́n gbẹ́ kànga. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú epo. Ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò nílò kó fà gidigidi lójú kan. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ páìpù náà, tí wọ́n ń pè ní heel, máa ń fà ju ìparí lọ, ibẹ̀ sì ni omi sábà máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Tó bá ti wọlé, wàhálà dé, torí omi rọrùn láti ṣàn ju epo.

Troll, nínú òkun Norway, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Epo ibẹ̀ tín-ín-rín, nǹkan bíi mítà 25 ní apá kan, gáàsì lókè, omi nísàlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Norsk Hydro fi ọ̀nà tóóró tóóró sára páìpù, kí ìbẹ̀rẹ̀ má baà mu ju ìparí lọ. Kò lé omi lọ o, ó kàn ń dá a dúró díẹ̀ ni.

Kí ló kàn wá? Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ka Kogi mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, nítorí epo ìhà Ibaji. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ní kí wọ́n san padà, orí owó epo ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí omi iyọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ńlá ni fífọ̀ ọ́ tàbí dídá a padà sínú ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò kànga epo ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Mo bi í pé: mélòó nínú rẹ̀ ni omi? Kò tíì dá mi lóhùn.