Kúnlé Olúkòtún: Bí iṣẹ́ ìwádìí ṣe di iléeṣẹ́

Ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí níbòmíì, yóò rò ó wò lọ́jọ́ kan: ṣé kóun jókòó ti ìwádìí ni, àbí kóun gba iléeṣẹ́ lọ? Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti ọdún 1991, kò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì.

Nígbà tó débẹ̀, ohun tí àwọn tó ń ṣe chip, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń wá ni bí ọpọlọ kan ṣoṣo yóò ṣe máa yára sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yára ló ń gbóná, tó sì ń jẹ iná. Lọ́dún 1996, Olúkòtún àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n kúkú kó ọpọlọ kéékèèké mélòó kan sórí chip kan náà, kí wọ́n jọ pín iṣẹ́ ṣe. Bí ọ̀wẹ̀ lóko ni: èèyàn mẹ́jọ tó mú ọkọ́ dání yóò kọ ebè tán ṣáájú akíkanjú kan.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ìwé lásán ni ì bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 2000, ó dá iléeṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀. Afárá tí à ń gbà kọjá odò mà ni o! Sun Microsystems ra iléeṣẹ́ náà lọ́dún 2002, nígbà tó sì di 2005, wọ́n gbé chip UltraSPARC T1 jáde: ọpọlọ mẹ́jọ, tó lè dá iṣẹ́ 32 mú lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, fóònù tó wà lápò èèyàn lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ pàápàá ní ju ọpọlọ kan lọ.

Lọ́dún 2017, òun, Rodrigo Liang àti Christopher Ré tún dá SambaNova Systems sílẹ̀, tó ń ṣe chip fún òye àtọwọ́dá. Liang, tó ti ṣe ọ̀gá ní Oracle, ló gba ipò ọ̀gá àgbà. Olúkòtún mú ti olórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kò sì fi Stanford sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Wíwá oníbàárà, sísan owó oṣù àti bíbá olówó sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbé e fún.

Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Eckert-Mauchly, ọ̀kan lára èyí tó ga jù fún àwọn tó ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà.