Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àwọn Àrùn tó ń Tẹ̀lé E: Ohun tí Ìwádìí Ìṣègùn Fi Hàn

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Apple láàárọ̀, níbi tí àwọn ará Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga. Onítọ̀hún fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ìrora kéde ara rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti ba ọpọlọ, ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tó mọ̀ pé ó wà lára àwọn. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àkójọ àlàyé yìí fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tí ó ń gbé e kiri ara. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń kà á: ti òkè ni ti ìgbà tí ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ó ń sinmi. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ìwádìí ní ilẹ̀ wa

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé, tí a bí ní ìlú Oǹdó ní ọdún 1933, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní ní Nàìjíríà. Ìwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè tí ó darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997, rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára 11.2 nínú 100 ènìyàn. 160 lórí 95 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n òde òní ni, iye náà ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ fi àwọn ará Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wé àwọn ọmọ ìran Áfíríkà tó wà ní erékùṣù Karíbíánì àti Amẹ́ríkà. Ẹni 16 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀; bí ara ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ, ni iye náà ń gòkè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjogúnbá nìkan. Bí a ṣe ń gbé ìgbé-ayé wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí SIREN ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo okùnfà. Lára àwọn tó tẹ̀lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè, àníyàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá mímu.

Kíndìnrín

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín tó bàjẹ́ náà sì ń mú kí ìfúnpá ga sí i. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì kan nínú jíìnì APOL1, èyí tí a ń jogún, ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ irú àrùn àsùnjù kan, ṣùgbọ́n ó ń fi kíndìnrín sínú ewu. Wọ́n wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ìwádìí tí ó jáde ní 2024, tí ó kan ènìyàn tó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà, fi hàn pé ewu ẹni tó jogún ẹyọ kan péré pàápàá ju ti ẹni tí kò jogún rẹ̀ rárá lọ. Bí àrùn kíndìnrín bá ti wà nínú ẹbí yín rí, ẹ sọ fún dókítà.

Oògùn

Ní 2019, ìwádìí CREOLE, tí Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá wà lára àwọn tó darí rẹ̀, fi àpapọ̀ oògùn mẹ́ta wéra lára aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àpapọ̀ méjì tí amlodipine wà nínú wọn mú ìfúnpá wálẹ̀ ju ìkẹta lọ. Síbẹ̀, ẹ má ṣe ra oògùn fúnra yín. Dókítà ni yóò yan èyí tó bá ara yín mu. Bí nọ́ńbà bá sì ti wálẹ̀, ẹ má ṣe rò pé àrùn ti lọ. Oògùn ni ó mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, yóò tún gòkè.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

- Ẹ yẹ ìfúnpá yín wò ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, bí ara yín tilẹ̀ le.
- Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré lé ọkọ̀ ní oríta Apple yóò kọ́kọ́ sinmi.
- Iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú Maggi, búrẹ́dì àti Indomie wà nínú ìṣirò náà.
- Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ pọ̀, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀.