Mẹ́ta Nínú Márùn-ún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ní 3 nínú 5 ní yunifásítì wa ńkọ́? Second Class Lower ni. Kò dùn ún gbọ́ létí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúkú fìdí rẹmi. Ìyá rẹ̀ ṣì lè se ìrẹsì fáwọn àlejò. Bí àǹtí mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ṣe rò ó náà nìyẹn lọ́jọ́ tó pè mí lóṣù Èrèlé. Ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ sórí òkè Alps ní Ọ́stríà, kí wọ́n lọ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí òjò dídì, eré tí wọ́n ń pè ní síkì. Àǹtí mi ti lọ wo ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀.

"Wọ́n ní ewu rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìyẹn ò burú jù, àbí? Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, bá mi wò ó."

Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá! Èmi tí mi ò rí òjò dídì rí àfi nínú fíìmù àti lára ògiri fírísà. Èdè tí mò ń kọ́ gan-an ò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀: yìnyín ni tiwa, èyí tó ń já lu páànù, Bíbélì ní òjò dídì, ará ilé mi ní sínóò, ó parí. Mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sì bá ìtàn kan pàdé tó gba oorun lójú mi.

Ìlú kan wà lórí òkè ní Swítsàlandì, Davos lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará òkè yẹn ti mọ avalanche tipẹ́: òjò dídì tó kóra jọ sórí òkè, tó ya lójijì, tó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú igi, òkúta àti ilé tó bá bá lọ́nà. Bí bàbá bá rí ibi tó dé, á sọ fún ọmọ pé má kọ́lé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n rélùweè dé, òtẹ́ẹ̀lì dé, àwọn onísíkì dé, èèyàn tí bàbá wọn ò sọ nǹkan kan fún. Ní 1936, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ahéré kan kalẹ̀ sí Weissfluhjoch, lókè Davos, níbi tó ga ju 2,500 mítà lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń gbẹ́ ihò. Wọ́n ń gbẹ́ òjò dídì bí ẹni ń gbẹ́ kànga, wọ́n wá ń yẹ ògiri ihò náà wò.

Ibẹ̀ ló ti dùn mọ́ mi jù. Ìwé ìtàn ni ògiri yẹn. Èyí tó bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn wà nísàlẹ̀, ti Kérésì lé e, ti àná ló wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í dúró bó ṣe bọ́. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ kì í tutù tó ojú òkè, nítorí náà ooru omi á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí èéfín, pàápàá lóru tójú ọ̀run mọ́ kedere tí òtútù ń mú ganrínganrín. Àwọn hóró tó wà nísàlẹ̀ á wá yí padà, wọ́n á di hóró ńláńlá tí kò di ara wọn mú, bíi ṣúgà. Tí atẹ́gùn bá wá gbá òjò dídì tuntun jọ sórí wọn tó sì le, ẹ ti ní pátákó lórí ṣúgà nìyẹn, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹsẹ̀ onísíkì kan ṣoṣo ti tó. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára ìjàǹbá wọn, ẹni tó kàgbákò tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara wọn tú u sílẹ̀. (Irọ́ ni fíìmù ń pa pé ariwo ẹnu ló ń fà á.)

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ tọ̀la níbẹ̀, àná ló ń kà. Láti 1945 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Davos ti ń gbé ìkìlọ̀ jáde fún aráàlú. Ní 2018, UNESCO fi ọgbọ́n àti ṣọ́ avalanche ti Swítsàlandì àti Ọ́stríà sínú àkọsílẹ̀ kan náà tí Ifá wa ti wà láti 2008. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò rò pé àṣìṣe ni.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi, torí mo dé orí Galtür. Abúlé kan ni, ní Ọ́stríà tí ọmọ àǹtí mi ń lọ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999, òjò dídì bọ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀nà dí, àlejò ò lè jáde. Àwọn aláṣẹ ti ya máàpù tẹ́lẹ̀: ibi tí avalanche lè dé, ibi tí kò lè dé. Látinú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n ti yà á. Ní ọ̀sán 23 February, òkè ya, ó sì wọ ibi tí máàpù ní kò séwu. Èèyàn 31 ló kú. Lọ́jọ́ kejì, méje tún kú ní Valzur tó wà nítòsí. Máàpù ò parọ́ o. Irú èyí ni kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń ronú nípa àwọn tó sùn sílé lọ́jọ́ yẹn nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo lè sọ sí i.

Òṣùwọ̀n 1 sí 5 tí àǹtí mi rí, ọdún 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù panu pọ̀ lé e lórí. Kì í gòkè dọ́gbadọ́gba bíi máàkì wa. Ní 4 àti 5, ẹ̀rù á ba èèyàn, ọ̀pọ̀ á jókòó sílé. Àmọ́ ní 3, oòrùn lè yọ, òjò dídì tuntun á máa dán, á máa pe èèyàn. Ní Swítsàlandì, ọjọ́ tí òṣùwọ̀n bá wà ní 3 ni nǹkan bí ìdajì àwọn tí avalanche ń pa máa ń kú.

Mo pe àǹtí mi padà. "Àǹtí, ẹ má kà á bíi máàkì o. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sunkún. Ibi tí wọn kì í tọ́jú ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà wọn bóyá wọ́n máa kúrò lójú ọ̀nà síkì tí wọ́n là sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá ní àwọn máa kúrò ńkọ́?"

"Ẹ ní kò lọ."

Ó béèrè. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò. Ọmọ náà lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: olùkọ́ síkì wọn gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì fi ìka fa ìlà mẹ́ta sára ògiri rẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé nígbà tóun bu èyí tó wà nísàlẹ̀ jù, ńṣe ló ń yọ́ dànù láàárín ìka òun bíi ṣúgà.