Ìgbà Tí A Já Ewé: Ìmọ̀ Tó Ń Sọnù Lọ́jà Bàrígà àti Ṣómólú

Kì í ṣe orúkọ ewé nìkan ni oníṣègùn Yorùbá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ń kọ́ ọ ní ìgbà tí wọ́n ń já a pẹ̀lú: bóyá àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, bóyá ìgbà òjò tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ìmọ̀ ewé bọ́ sínú ìwé, bí irú èyí tí J. M. Dalziel tẹ̀ jáde ní 1937, orúkọ àti ìlò ló gba iwájú.

Efínrín ńlá, Ocimum gratissimum, fi ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìgbà hàn. Ní 1969, El-Said, Sofowora àti àwọn akẹgbẹ́ wọn kọ ìwádìí sínú Planta Medica lórí bí efínrín ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Thymol, èròjà tí ń pa kòkòrò àìsàn, wà nínú òróró rẹ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Brazil fi hàn pé eugenol inú òróró efínrín tiwọn pọ̀ gan-an lọ́sàn-án gangan, ó sì ti dín púpọ̀ kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí wákàtí díẹ̀ bá lè yí ewé padà tó báyìí, a kò lè fojú kéré oṣù òjò àti oṣù ọyẹ́. Èsì náà kò sì fi gbogbo ara gbe àṣà àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹ́yìn. Ewé kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀.

Ní Bàrígà àti Ṣómólú, ilé ti gba ilẹ̀ tí à bá ti já ewé. Ọwọ́ alájàpá ni eléwé ọmọ àti alágbo ti ń rà á. Ìgbà tí wọ́n já a kì í bá ewé dé orí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ife agbo kan náà lè lágbára lóṣù yìí, kó rọ̀ lóṣù mìíràn, kí aláìsàn má sì mọ̀.

Ní 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé ìgbà tó yẹ ni kí a máa kórè ewé oògùn. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà. Ṣómólú sì ni ibùdó àwọn atẹ̀wé. Àwọn tó lè yẹ ewé wò lóṣooṣù àti àwọn tó lè tẹ oṣù ìkórè sára ìgò agbo kò jìnnà síra wọn. Ohun tí àgbà fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ni ìgò náà yóò máa sọ.