Bantè, Savalou àti Kọ̀ǹpútà Tó Lè Kọ Èdè Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù ní Bantè tàbí Savalou, ní Benin, Faransé ti bá a yan nǹkan kan kó tó kúrò nílé. Kíbọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ lágbègbè náà, ìbáà jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tuntun tàbí ti tòkunbọ̀, ti Faransé ni. A àti Z ló ṣíwájú lórí rẹ̀, nọ́ńbà kì í sì í jáde àfi téèyàn bá tẹ Shift mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ 2 lásán, é ni yóò rí. 7 á fún un ní è, òdo á fún un ní à. Èèyàn lè rò pé wọ́n ṣe é fún èdè olóhùn ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Bantè gbìyànjú láti fi àmì ohùn òkè sórí a, i, o tàbí u lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé àtijọ́ ti Windows, kò ní ríbi tẹ̀. Orí e nìkan ni Faransé ti nílò àmì yẹn, orí e nìkan ni wọ́n sì fi í sí. Ní ti ɛ àti ɔ, tí wọ́n fi ń kọ ẹ àti ọ ní Benin, wọn ò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́dún 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá, ibẹ̀ ni àwọn lẹ́tà olámì nísàlẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ, ti fìdí múlẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1975 tí Dahomey di Benin, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí èdè gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́dún 1990 àti 2008. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ní Savalou, Mahi lèdè ààfin Gbaguidi. Ní Tchetti àti Doumè, Ifɛ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní Bantè, Ìcà ni. Ọmọ tó bá kọ́ ɛ nínú Mahi kò ní tún un kọ́ tó bá dórí Ìcà. Àmọ́ oṣù kìíní ọdún, tó ń jẹ́ Ṣẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn, di Shɛ́rɛ́ lórí ìwé ní Benin, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ló ń pè é.



Nígbà tó kan kọ̀ǹpútà, Nàìjíríà ni àwọn tó ń ṣe é kọ́kọ́ kọjú sí, torí ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí. Lọ́dún 2007, ìjà gidi ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n ti bá iléeṣẹ́ Mandriva ti Faransé ṣàdéhùn pé Linux rẹ̀ ni yóò wà nínú láptọ́ọ̀pù kéékèèké 17,000 fún àwọn ọmọ iléèwé, kó tó di pé wọ́n gbọ́ pé Windows ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva kọ lẹ́tà ìta gbangba sí ọ̀gá Microsoft. Nígbà tí Windows 7 jáde lọ́dún 2009, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà. 

Níbi tí Linux ti já fáfá nìyí. Kíbọ́ọ̀dù kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ ti Tógò, ó sì ka Ifɛ̀ àti Fɔn mọ́ àwọn èdè tó wà fún. Ará Tchetti tó ń sọ Ifɛ̀ lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Nínú CLDR, àkójọ orúkọ oṣù, ọjọ́ àti owó tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, Yorùbá Benin ní àyè tirẹ̀, Shɛ́rɛ́ sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí inú ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn èdè yìí dùn sí i.

Ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ BloLab, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, tilẹ̀ gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì sínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20, irú èyí tí wọ́n fi ń ta epo lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi ètò ọ̀fẹ́ sínú rẹ̀. Jerry lorúkọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2011.

Látọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí kò lè gbé Windows 11 ṣì wà lọ́jà. Linux ló bá irú wọn mu jù. Àmọ́ Windows ni olùṣirò owó máa nílò tí ètò ìṣirò ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Èyí ó wù kó jẹ́, kí ẹni tó ń rà á ní kí wọ́n tan án níṣojú òun, kó sì kọ ɛ́ àti ɔ̀. Tí àmì ohùn bá yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, fọ́ńtì ni kò dáa. Charis (Charis SIL tẹ́lẹ̀), tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń gbé àmì náà sórí lẹ́tà bó ṣe yẹ, lórí Windows àti Linux.