Mítà Àfikún Nínú Ọkọ̀ Asáré: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Ṣàlàyé Rẹ̀

Mítà àfikún ni mítà tí ẹni tó ni ọkọ̀ fi kún èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti fi síbẹ̀. Nínú ọkọ̀ asáré, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà ní àárín, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere ni Mazda RX-7 ìran kẹta, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní FD, tí wọ́n ṣe ní Jàpáànì láti 1991 títí di 2002. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 13B-REW, ní tọ́bò méjì, kò sì fara mọ́ ooru àpọ̀jù rárá. Síbẹ̀, mítà tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó nínú ọkọ̀ yìí kì í sọ òtítọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró gbọn-in sí àárín bí omi tilẹ̀ ń gbóná sí i. Nígbà tí yóò bá fi gbéra, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ náà fi ń fi mítà mìíràn kún un. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ yìí ní Yorùbá ní láti yan ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ náà, fún ohun tó ń wọ̀n, àti fún bí wọ́n ṣe ń gbé e sí ààyè rẹ̀.

Ìlànà kan lè tọ́ òǹkọ̀wé sọ́nà. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú, tí mẹkáníìkì tàbí réwáyà ti ní orúkọ fún, orúkọ yẹn náà ni kó máa jẹ́: fíùsì, wáyà, sẹ́ńsọ̀, tọ́bò, ráídétọ̀, bréènbọ́ọ̀sì. Kò sí èrè nínú orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ní dá mọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí mítà ń wọ̀n kò ṣeé dì mú. Níbẹ̀ ni kí Yorùbá ti sọ tẹnu rẹ̀, torí ẹni tó bá kàn yá orúkọ lò lè mọ̀ ọ́n pè láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn onímọ̀ èdè ti la irú ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olótùú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tó jáde ní 1984; Ọládélé Awóbùlúyì ni olótùú apá kejì, tó jáde ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá iṣẹ́ ọkọ̀ mu: fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti wà, síso ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣíṣe àpèjúwe, àti yíyá ọ̀rọ̀ lò.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni ó kọ́kọ́ gba àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń du ipò: géèjì, òṣùwọ̀n àti mítà. Géèjì ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ fọkanáísà, òun ni a fi ń wọn atẹ́gùn táyà. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fà yọ láti wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá kọ "géèjì ọ́ìlì" fún ohun tó wà lójú awakọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni òǹkàwé máa lọ ṣí. Òṣùwọ̀n ní tirẹ̀ gbòòrò jù. Igbá tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà pàápàá, òṣùwọ̀n ni. Mítà ló kù, àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n lára iná ilé àti lára ẹ̀rọ ilé epo, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wò láti ka iye nǹkan. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro, nítorí aago ti la ọ̀nà sílẹ̀: aago ní ojú àti ọwọ́, mítà náà sì ní in. Irin tó yí ojú rẹ̀ ká ni òrùka mítà; ike tó gbé e ró ni ilé mítà. Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ jù fún ojú mítà àfikún, láti etí kan dé ìkejì: 52 mm àti 60 mm.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́? "Ọkọ̀ ìṣeré" ti di ti ọmọdé. "Ọkọ̀ eré ìje" jẹ́ ti àwọn tó ń figagbága lórí pápá. "Ọkọ̀ asáré" bọ́ sí àárín wọn: ọkọ̀ tó lè rìn lójú títì bíi ti gbogbo ènìyàn, àmọ́ tí wọ́n dìídì ṣe kó lè sáré, kó sì yí kọ́nà dáadáa. Ọ̀rọ̀ "àfikún" náà gba ìṣọ́ra. Lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀, ohun tí kì í bá ti í ṣe orígínà ni àwọn ènìyàn máa ń yára pè ní ayédèrú. Mítà tí Defi ti Jàpáànì tàbí Auto Meter ti Amẹ́ríkà bá ṣe kì í ṣe ayédèrú ohunkóhun. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, ó sì lè péye ju èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ. "Àfikún" sọ ipò rẹ̀ láìbà á lórúkọ jẹ́.

Àárín ọkọ̀ tí mítà ń wà pín sí méjì, kò sì yẹ kí orúkọ wọn papọ̀. Apá òkè tó kọjú sí ènìyàn, níbi tí rédíò àti bọ́tìnnì ẹ̀rọ amúlétutù wà, ni àárín dáṣíbọọ̀dù. Apá ìsàlẹ̀ tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, tí ọ̀pá jíà ti yọ jáde, ni a lè pè ní pẹpẹ jíà. Datsun 240Z, tó jáde ní 1969, ti gba ojú mẹ́ta sí àárín dáṣíbọọ̀dù láti ilé-iṣẹ́, tí aago jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nissan 350Z, tó jáde ní 2002, tún fi ojú mẹ́ta síbẹ̀. RX-7 FD kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà àyè rédíò tàbí ti àwo eérú sìgá ni wọ́n sábà máa ń gbà lò. Àyè rédíò kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 180 mm, ó sì ga tó 50 mm. Mítà oní-52 mm ga jù ú lọ díẹ̀, ìdí sì nìyí tí ilé mítà tí wọ́n ṣe fún àyè yìí fi máa ń yọrí síta.

Nínú àwọn ohun tí mítà ń wọ̀n, ti ọ́ìlì ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń lé kiri nínú ẹ́ńjìnnì ń ti ara ihò tó ń gbà kọjá. Bí títì yẹn ṣe le tó ni mítà ń sọ. Àwọn ìwé ìlera ń lo "ìfúnpá" fún ti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìfúnpá tún jẹ́ oǹdè tí a ń so mọ́ apá, apá sì ṣì hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì kò ní apá. "Agbára ìtì" ṣe tààrà jù: agbára ìtì ọ́ìlì, agbára ìtì epo.

Ọ̀rọ̀ yìí tún bá ti tọ́bò tan. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń fa afẹ́fẹ́ sínú fúnra rẹ̀; tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ wọlé fún un tipátipá. Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àtìwọlé, èyí tó ń wọ̀n ọ́n sì ni mítà àtìwọlé. Lójú mítà yìí, òdo pín ọ̀nà méjì níyà. Apá kan ni ìfà, tí ọwọ́ mítà ń wà nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ láti sáré. Apá kejì ni ìtì, tó ń dé nígbà tí tọ́bò bá gba iṣẹ́. Àmì òṣùwọ̀n bíi bar àti psi kò nílò ìtumọ̀, nítorí òun ni wọ́n kọ sójú mítà. Ó tó kí òǹkàwé mọ̀ pé bar 1 jẹ́ nǹkan bí psi 14.5.

Fún ti omi, "ìwọ̀n ìgbóná" ló yẹ. "Ìgbóná" nìkan lè rán àgbàlagbà létí àrùn, "ooru" sì jẹ́ ohun tí ara ń gbà láti inú oòrùn tàbí iná. Kí òǹkọ̀wé má sì ṣe dákẹ́ síbẹ̀; ìwọ̀n ìgbóná omi àti ìwọ̀n ìgbóná ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀kan náà, sẹ́ńsọ̀ wọn sì yàtọ̀.

Mítà àdàpọ̀ ń sọ bí afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù ṣe dàpọ̀ sí nígbà tí wọ́n ń jó. Kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo 1 ni ìpín tí méjèèjì fi ń jó tán láìṣẹ́kù. "Epo" nìkan kò tó nínú irú àlàyé yìí, nítorí ó lè jẹ́ ti ọbẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì tàbí ti ilé epo. "Ọ́ìlì" fún ọ̀kan, "epo bẹntiróòlù" fún èkejì, ni yóò yanjú rẹ̀. Fún àdàpọ̀ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí epo kò tó, ẹ̀kọ mímu ti fún wa ní ọ̀rọ̀: ó ki, tàbí ó ṣàn. Àdàpọ̀ tó bá ṣàn jù nígbà tí tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ wọlé lè ba ẹ́ńjìnnì FD jẹ́ láìpẹ́ rárá.

Mítà bátìrì ló rọrùn jù. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bí 12.6 V nígbà tí ẹ́ńjìnnì sùn, ó sì máa ń wà láàárín 13.5 V àti 14.5 V nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìṣọ́ra kan péré ló gbà: "iná" lè jẹ́ èyí tó ń jóni, èyí tó ń tànmọ́lẹ̀, tàbí èyí tó ń gba inú wáyà. "Iná wáyà" àti "ìmọ́lẹ̀" yóò ya méjì tó kẹ́yìn sọ́tọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbígbé e sí. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún un, ìyẹn sì ṣe é láǹfààní, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń sọ bí iṣẹ́ ṣe rí. A ń ki mítà bọ ihò rẹ̀, a sì ń dè é láti ẹ̀yìn. A ń lẹ ilé mítà mọ́ pẹpẹ jíà. A ń yí sẹ́ńsọ̀ wọ ara ẹ́ńjìnnì. Wáyà mítà sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yàtọ̀ sí ti sẹ́ńsọ̀. Wáyà iná-gbogbo-ìgbà kì í kú. Wáyà iná-kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ṣíná ọkọ̀. Wáyà ìmọ́lẹ̀ ń bá iná iwájú ọkọ̀ tàn. Èyí tó kù ni wáyà ara-ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "wáyà ilẹ̀" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, torí irin ara ọkọ̀ ni a ń so ó mọ́, táyà sì ti ya ọkọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Róbà tín-ínrín tí mítà àtìwọlé ń lò nílò ibi tí róbà mẹ́ta ti pàdé; tíì ni àwọn oníṣẹ́ omi ń pe irú rẹ̀, tíì náà ni kó máa jẹ́.

Bí a bá kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ìtọ́ni fún mítà agbára ìtì ọ́ìlì lè kà báyìí: "Ẹ tú orí bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí sẹ́ńsọ̀ wọ ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gba ihò ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ fa wáyà rẹ̀ wọlé. Ẹ má ṣe fa páìpù ọ́ìlì wọlé, nítorí bí ó bá jò, ọ́ìlì gbígbóná lè da sí awakọ̀ lára. Ẹ so wáyà iná-kọ́kọ́rọ́ mọ́ fíùsì tirẹ̀, kí ẹ so wáyà ara-ọkọ̀ mọ́ irin tí kò ní ọ̀dà. Ẹ ki mítà bọ ilé rẹ̀, ẹ dè é láti ẹ̀yìn, ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ sì ṣíná ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mítà gbọ́dọ̀ kúrò lórí òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kúrò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi géèjì wò ó bóyá ọ́ìlì ṣì wà, kí ẹ tó wá yẹ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ wò."