Èdè kọ̀ǹpútà wo la fi ń bẹ̀rẹ̀? Ìtàn BASIC, láti Dartmouth títí dé pátákó kíláàsì wa



Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ní ká kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kóòdù, ìjà máa ń bẹ́. Ṣé Python ni ká fi bẹ̀rẹ̀, àbí JavaScript, àbí Scratch? Ìjà yìí ti pẹ́ o. Mo ti ka ìtàn ẹ̀ dáadáa, ohun tí mo sì rí ni pé èdè tí a ń jà lé lórí kọ́ ló máa ń pinnu ọmọ tó máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní Dartmouth College, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láyé ìgbà yẹn, tí o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ẹ, wàá dá ihò sára káàdì, wàá kó káàdì yẹn fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wàá wá lọ sílé lọ dúró. Ó lè di ọjọ́ kejì kí o tó gbọ́ èsì. Tó bá jẹ́ kọ́mà kan lo ṣì fi síbi tí kò yẹ, ó parí nìyẹn, tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí Dartmouth ò ní kọ̀ǹpútà kankan. Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, ló máa ń gbé àpótí káàdì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí MIT, nítòsí Boston, kí wọ́n lè bá a fi sẹ́rọ. Torí kóòdù o!

Òun àti John Kemeny, ará Hungary kan tó ti ṣe igbákejì fún Einstein nídìí ìṣirò rí, wá ní kò lè máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àtàwọn tó ń ka ìtàn àti lítíréṣọ̀. FORTRAN tó wà nílẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe é fún. Ni wọ́n bá ṣe nǹkan méjì pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n mú kí èèyàn púpọ̀ lè máa lo ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní teletype. Ẹ rò ó bí ìyá olóúnjẹ tó ń dá èèyàn mẹ́wàá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kankan ò sì rò pé wọ́n gbàgbé òun. Ìkejì ni èdè BASIC. Aago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1964, ni ètò BASIC àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Tí o bá fẹ́ wọlé, wàá tẹ HELLO. Tí o bá fẹ́ jáde, GOODBYE. Kóòdù ẹ̀ náà kò le:

10 PRINT "BAWO NI"
20 GOTO 10

O tẹ RUN, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ, kò sì ní dákẹ́ àfi tí o bá dá a dúró. Ojú ẹsẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni adùn BASIC wà.

Láìpẹ́, wọ́n fi wáyà tẹlifóònù so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní agbègbè náà mọ́ ẹ̀rọ Dartmouth. Ní Seattle, ní òdìkejì Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ iléèwé Lakeside ta nǹkan àlòkù, wọ́n fi owó ẹ̀ gba teletype kan ní 1968. Bill Gates tí kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ jókòó síbẹ̀, òun àti Paul Allen tó jù ú lọ. Ní 1975, BASIC ni ọjà àkọ́kọ́ tí Microsoft tà. (Iléèwé olówó ni Lakeside o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.)

Àwọn ọ̀mọ̀wé ò fẹ́ràn BASIC ṣá. Dijkstra, ará Netherlands, kọ ọ́ ní 1975 pé ẹni tó bá fi BASIC bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Inú bí i sí GOTO yẹn, torí kóòdù á kàn máa fò síwá sẹ́yìn bí tata ni. Niklaus Wirth ti gbé Pascal jáde ní Switzerland ní 1970, èdè tó létò dáadáa. Nígbà tí ìdánwò AP ti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ fáwọn ọmọ high school Amẹ́ríkà ní 1984, Pascal ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1999, ó di C++. Ní 2004, ó di Java. Ní 20 ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí èdè padà, àwọn tíṣà ń sáré kọ́ ọ kí wọ́n tó lè kọ́ ọmọ. Ohun tí yunifásítì àti iléeṣẹ́ ń lò ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọn ò bi ọmọ léèrè.

Ó wá kan ilé wa. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde, BASIC sì wọ inú ìwé wa. Ẹ rántí? REM, LET, INPUT, PRINT, END. Tíṣà wa kọ ọ́ sí pátákó, a dà á kọ. Ìdánwò ní ká kọ ètò tó máa ṣírò ìdá méjì àwọn nọ́ńbà mẹ́ta kan, mo kọ ọ́, mo gba máàkì. Títí mo fi jáde, n ò rí ẹ̀rọ kankan tó dá mi lóhùn. Ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Nǹkan méjì tí Kemeny àti Kurtz ṣe pọ̀, èyí tó ṣeé tẹ̀ sínú ìwé nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa. Tiwa burú ju ti ayé káàdì lọ, torí onítọ̀hún ṣì máa gbọ́ èsì lọ́jọ́ kejì.

Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi ń dùn tí wọ́n bá ní "BASIC ti gbó, ẹ jẹ́ ká gbé Python wọlé", tí wọ́n wá lọ ń kọ Python sí pátákó. Mo fẹ́ràn Python o. Guido van Rossum tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìparí 1989 ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ABC, èdè tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èyí sì hàn lára Python. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ méjì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni iléèwé ní, JavaScript ni màá mú, torí bíráósà tó ti wà lórí ẹ̀ ti tó. Tó bá jẹ́ QBASIC nìkan ló wà lórí ẹ̀, màá fi QBASIC kọ́ wọn, ojú ò ní tì mí.

Tí o bá jẹ́ tíṣà, tí ọmọ 40 wà ní kíláàsì ẹ, tí fóònù sì jẹ́ márùn-ún, pín wọn ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Kí kálukú tẹ ìlà kan, kí wọ́n jọ wo ohun tó máa jáde. Lakeside náà, teletype kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń dù.